Ṣé Kọ̀ǹpútà Lè Sọ Bóyá Bàbá Mi Ló Kọ Ìwé Yìí?

Ìbéèrè: Bàbá wa papò dà lọ́dún tó kọjá. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ ogún tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá fi mú ìwé kan jáde, ó ní bàbá wa ti ta oko kòkó fún bàbá òun láti 1974. Ìwé náà kò ju ojú ìwé kan lọ, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, bàbá sì buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, ó jọ ọwọ́ bàbá, kò sì jọ ọ́. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè ní kọ̀ǹpútà ti wà báyìí tó máa ń mọ ẹni tó kọ ìwé, pé kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ilé ẹjọ́ á gbà á? Ìyá kan, Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, màmá. Ọlọ́run á tu gbogbo ilé nínú, kò sì ní jẹ́ kí oko kòkó yìí tú ẹbí ká.

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Kọ̀ǹpútà wà tó lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé kan wé òmíràn, iṣẹ́ tí èmi náà sì ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ya fọ́tò kankan, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan yé yín yékéyéké. Kọ̀ǹpútà kò mọ bàbá yín rí. Ìwé tí ẹ bá kó síwájú rẹ̀ pé ọwọ́ bàbá nìyí, òun nìkan ló mọ̀. Bí ìwé wọ̀nyẹn bá pọ̀ tó, tó sì jẹ́ ti bàbá lóòótọ́, a máa rí nǹkan gidi sọ. Bí wọn ò bá pọ̀, tàbí tí ayédèrú bá wà láàárín wọn, kò sí ẹ̀rọ tó lè bá yín tún un ṣe. Ìdí nìyí tí màá fi sọ̀rọ̀ àpótí bàbá, níbi tí àwọn ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà, ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé. A ó fi sìkánà gbé àwòrán ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Á ya yíǹkì sọ́tọ̀ kúrò lára bébà, á sì máa tọ etí ìlà yíǹkì náà lọ díẹ̀díẹ̀. Níbikíbi tó bá dé, á wo ibi tí ìlà ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ: ṣé ó nàró ṣánṣán, ṣé ó fì sọ́tùn-ún, ṣé ó ká kòrókòró nígbà tó fẹ́ yí padà, àbí ó ṣẹ́ lójijì. Á ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú ìwé kan ṣoṣo, á wá ka iye ìgbà tí irú ìyípadà kọ̀ọ̀kan wáyé. Iye wọ̀nyẹn la fi ń dá ẹni náà mọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi ìrìn dá ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè mọ̀ kí a tó rí ojú rẹ̀. Lambert Schomaker àti Marius Bulacu ní yunifásítì Groningen, lórílẹ̀-èdè Netherlands, wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Nínú iṣẹ́ wọn tó jáde ní 2007, wọ́n dán an wò lórí ìwé àwọn ènìyàn tó tó 900. Ohun tí ìwé náà ń sọ kò kàn án rárá. Ì báà jẹ́ lẹ́tà ìfẹ́, ì báà jẹ́ àkọsílẹ̀ àpò kòkó, ìlà yíǹkì ló ń wò.

Irú ètò mìíràn wà lóde òní tí a kì í sọ ohun tó máa wò fún. A ó kàn kó ìwé rẹpẹtẹ fún un, ìwé tí a ti mọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun fúnra rẹ̀ á sì kọ́ ohun tó ya ọwọ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára gan-an. Àmọ́ bí lọ́yà bá dìde tó bi mí pé kí ló rí lára ìwé yìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún mi láti nawọ́ sí i. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èmi fara mọ́ ọ̀nà tí mo lè fi ìka tọ́ka sí níwájú adájọ́, kódà bí èyí tuntun bá yára jù ú lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni ọwọ́ ìkọ̀wé ènìyàn méjì kì í dọ́gba? Ìbéèrè yìí wọ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Daubert, ẹjọ́ náà ló sì mú kí àwọn adájọ́ máa béèrè bóyá wọ́n ti dán ìmọ̀ tí amòye ń gbé wá wò. Àwọn tó ti ń yẹ ìwé wò láti ọdún gbọọrọ wá rí i pé ìrírí nìkan kò tó mọ́. Sargur Srihari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Buffalo bá kó ìwé 1,500 ènìyàn jọ. Lẹ́tà kan náà, tí kò ju 156 ọ̀rọ̀ lọ, ni wọ́n ní kí olúkúlùkù dà kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ náà jáde ní 2002, ó sì fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè ya ọwọ́ ẹnì kan sọ́tọ̀ sí ti ẹlòmíràn dáadáa. Ó tún fi hàn pé bí iye ènìyàn tí a ń yẹ̀ wò bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i.

Àwọn ènìyàn tí wọ́n lò fún irú àyẹ̀wò yẹn jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ ìwé bó ṣe mọ́ wọn lára ni. Kò sí ẹni tó ń gbìyànjú láti kọ ọ́ bíi ti ẹlòmíràn nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba oko yóò gbìyànjú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bá yín dárúkọ ìdá ọgọ́rùn-ún báyìí báyìí, ẹ bi í pé: ṣé ìwé àwọn tó ń ṣe ayédèrú wà lára èyí tí wọ́n fi dán an wò?

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ tún ṣe pàtàkì jù fún irú ọ̀rọ̀ tiyín. Ọ̀tọ̀ ni kí a bi kọ̀ǹpútà pé "ta ló kọ ọ́ nínú àwọn wọ̀nyí?", ọ̀tọ̀ ni kí a bi í pé "ṣé ẹni tó kọ èyí náà ló kọ ìyẹn?" Bí a bá béèrè ti àkọ́kọ́, tí a wá kó ìwé bàbá yín àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan síwájú rẹ̀, yóò mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, kódà bó bá jẹ́ pé ẹni kẹta tí a kò dárúkọ ló kọ ọ́. Yóò kàn mú èyí tó sún mọ́ ọn jù ni. Ètò tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì ṣe, tí wọ́n ń pè ní FISH, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà náà sì ń lò fún lẹ́tà tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ààrẹ, ohun tó wà fún ni pé kó wá ìwé tó jọra jáde láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye, kí ènìyàn tó mọṣẹ́ wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ìbéèrè kejì ni tiyín.

Ẹni kẹta yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin náà mọ àwọn akọ̀wé lẹ́tà tó máa ń jókòó nítòsí kóòtù pẹ̀lú tábìlì kékeré. Wọ́n ń bá àwọn ènìyàn kọ àdéhùn, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á kàn buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. Àwọn tó mọ̀wé náà máa ń lọ bá wọn, nítorí wọ́n gbà pé ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èdè tirẹ̀. Bí irú wọn ló bá kọ ìwé tiyín, ara ìwé náà kò ní jọ ọwọ́ bàbá láéláé, síbẹ̀ ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé pa á láṣẹ pé ẹni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ akọ̀wé sì máa ń kọ ọ́ sí gbogbo ìwé tó bá ti ọwọ́ wọn jáde. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé nìkan ló kù tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìyẹn sì le jù, torí ìlà méjì mẹ́ta péré ló wà nínú ìbuwọ́lùwé, òun sì ni ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú máa ń kọ́kọ́ fi kọ́ra.

Ẹ ní ó jọ, kò sì jọ. Bí bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá jọ kàwé lábẹ́ tíṣà kan náà, kò yẹ kí ìjọra yẹn yà yín lẹ́nu. Tíṣà ìgbà yẹn kì í fi ọwọ́ ìkọ̀wé ṣeré, pàṣán wà fún ọmọ tí lẹ́tà rẹ̀ bá ń wọ́ kúrò lórí ìlà. Bí gbogbo kíláàsì bá jọ ń kọ h kan náà, h yẹn kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí à ń wá ni ibi tí ọwọ́ ti yà kúrò lára ohun tí tíṣà kọ́ni, tí onítọ̀hún kò sì mọ̀ pé òun yà. Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà ti wúlò gan-an. Wọ́n rí àkájọ ìwé Aísáyà kan nínú ihò àpáta ní Qumran, lẹ́bàá Òkun Òkú, tó gùn ju mítà 7 lọ, tó sì ní òpó ọ̀rọ̀ 54. Ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ jọra látìbẹ̀rẹ̀ dópin débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá ẹnì kan ló kọ ọ́. Mladen Popović, Maruf Dhali àti Schomaker tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbé e fún kọ̀ǹpútà. Aleph, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà èdè Hébérù, nìkan lé ní 5,000 nínú rẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n gbé èsì jáde: ó dà bíi pé akọ̀wé méjì ló ṣiṣẹ́ náà, èkejì sì gba kálàmù nítòsí òpó kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó ń kọ bíi ti ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ojú ìwé kan kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, àpótí bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 1983. Ìwé ìròyìn Stern kéde pé àwọn rí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí Hitler fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Wọ́n fún àwọn amòye ọwọ́ ìkọ̀wé ní díẹ̀ yẹ̀ wò, àwọn amòye náà sì ní ọwọ́ Hitler ni. Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Konrad Kujau ló ń kọ wọ́n, nínú ìwé tí wọ́n sì kó fún àwọn amòye pé ọwọ́ Hitler tòótọ́ nìyí, Kujau kan náà ló kọ òmíràn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí bára mu lóòótọ́, ẹnì kan náà ló ṣáà kọ wọ́n. Àyẹ̀wò bébà ló tú àṣírí: èròjà tó ń mú bébà funfun, tí wọn kò tíì máa lò nígbà ayé Hitler, wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má gba ìwé tí ẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀ ń bá jà. Ẹ wá a fúnra yín, ẹ sì wá èyí tó ti wà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá bá ṣe akọ̀wé rí fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, tàbí fún rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìwé ìpàdé yẹn dára ju ohun gbogbo lọ, nítorí ó gùn, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn Bíbélì tàbí tírà níbi tó kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ẹ wo lẹ́tà tó kọ sí yín nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, ìwé àjọ, fọ́ọ̀mù báńkì, ẹ̀yìn fọ́tò. Èyí tó bá sún mọ́ 1974 ló níye lórí jù. Ọwọ́ àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ọwọ́ ẹni ogójì, àìsàn sì ń yí ọwọ́ padà, pàápàá rọpárọsẹ̀. Bí Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé tó dá wàhálà sílẹ̀, ẹ wá èyí tí bàbá fi Yorùbá kọ.

Mo sọ Yorùbá nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ètò wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́bi ara sí, torí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti èdè Netherlands ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan bíi "ọjọ́". Kí ni bàbá máa ń fi sábẹ́ ọ? Ṣé ẹ̀kán yíǹkì kékeré ni, àbí ìlà tó nàró, àbí èyí tó dábùú? Ṣé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, àbí ó máa ń jìnnà sí i? Bó bá jẹ́ pé ó máa ń parí odindi ọ̀rọ̀ kí ó tó padà wá fi àmì síbẹ̀, àmì náà á máa sún sí ọ̀tún díẹ̀ nígbà gbogbo, torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń kánjú lọ síwájú. Ẹ wo "gb" náà, bóyá bíró gbéra láàárín g àti b. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń tẹjú mọ́ lẹ́tà ńláńlá àti ìrù y, kì í sábà rántí àmì abẹ́ ọ.

Àkọtọ́ náà ńkọ́? Ẹni tó kàwé ṣáájú 1960 ti mọ "nwọn", "enia", "aiye" àti "nyin" mọ́ra. Àtúnṣe tí ìgbìmọ̀ 1966 dábàá, tí wọ́n wá fọwọ́ sí ní 1974, ló mú wa dé "wọ́n", "ènìyàn", "ayé" àti "yín". Bí gbogbo lẹ́tà bàbá títí di 1980 bá jẹ́ "nwọn", tí ìwé ti 1974 yìí wá jẹ́ "wọ́n" láti òkè délẹ̀, ó yẹ ká béèrè ìdí. Mi ò ní kí ẹ fi ìyẹn nìkan dájọ́, àwọn kan tètè gba àkọtọ́ tuntun. Ẹ tún ka ohun tí ìwé náà sọ. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1973, nítorí náà náírà lè wà nínú ìwé 1974. Àmọ́ bí ẹ bá rí "Ìpínlẹ̀ Ògùn" níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, torí oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń wo ìlà yíǹkì kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Fọ́tò tí ọmọ yín ní kí ẹ yà kò tó fún iṣẹ́ yìí. Fóònù máa ń fi òjìji síbi tí kò sí, bí ẹ bá sì fi WhatsApp ránṣẹ́, á tún fún un pọ̀, etí ìlà yíǹkì tí mo ní à ń tọ̀ á sì bàjẹ́. Ojúlówó ìwé náà ni mo fẹ́ rí, kí n gbé e sórí sìkánà, kí n sì fi awò amúǹkan-tóbi wò ó. Ẹni tó ń kọ ọwọ́ ara rẹ̀ máa ń yára, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà rẹ̀ á tín-ín-rín. Ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn kọ máa ń fà á jẹ́jẹ́. Yíǹkì á dọ́gba jù, bíró á dúró níbi tí kò yẹ, á gbéra, á tún padà wá bọ́ sójú ibi tó ti kúrò, ìlà á sì máa gbọ̀n. Fọ́tòkọ́pì kì í fi èyí tó pọ̀ hàn nínú nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ lámínéètì ìwé náà kó má bàa ya, ẹ tètè dá a dúró.

Ní ti ilé ẹjọ́, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ọ̀rọ̀ amòye lórí ọwọ́ ìkọ̀wé, ó wà ní abala 68. Abala 101 gbà kí a fi ìwé wé ìwé, bí èyí tí a fi ṣe òṣùwọ̀n bá ti jẹ́ èyí tí ilé ẹjọ́ gbà pé ti ẹni náà ni. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àpótí bàbá la tún padà sí. Abala 84 sọ bí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe gbọ́dọ̀ wọlé, lọ́yà yín mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni abala 72: ẹni tó bá mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ènìyàn, torí ó ti rí i níbi tó ti ń kọ̀wé tàbí torí wọ́n jọ ń kọ lẹ́tà sí ara wọn, lè jẹ́rìí lórí rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín wà lára wọn, màmá. Bí ẹ ṣe rí i pé ó jọ, tí kò sì jọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ máa dákẹ́ lé lórí. Ẹ jókòó, kí ẹ wá ibi tí kò ti jọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ má fi bíró kan ìwé náà.

Kọ̀ǹpútà kò lè dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ènìyàn tó lò ó ló máa dúró, òun ni wọ́n á bi ní ìbéèrè, adájọ́ sì lè fi ojú ara rẹ̀ wo ìwé méjèèjì kó má gba ohun tí amòye sọ. Bí mo bá máa kọ èsì fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, mi ò ní kọ "bàbá ló kọ ọ́" tàbí "bàbá kọ́". Màá kọ bí ohun tí mo rí ṣe ti ọ̀kan lẹ́yìn ju èkejì lọ tó, àti ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ìwé bá gbà mí láyè láti kọ ni pé èyí tí wọ́n kó wá kò tó. Bí amòye kan bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín kó tó rí ojúlówó ìwé, ẹ má san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bẹ ilé ẹjọ́ kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n mú ojúlówó ìwé wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ má lọ fi ipá gbà á lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Àwọn ọlọ́pàá náà ní àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ìwádìí ọ̀ràn wọn ní Alágbọn, l'Ékòó. Bí ẹ bá rí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn, ẹ má gbé e wálé. Ẹ bẹ akọ̀wé wọn kí lọ́yà wá wò ó níbi tó wà, kí àwọn fúnra wọn sì gbé e wá sí kóòtù nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹnu sọ pé ilé yín ni wọ́n ti kọ ọ́.